Àáró ni Linux, kì í ṣe sàárà

Bó bá jẹ́ fóònù Android ni ẹ̀ ń lò, yálà tuntun tàbí tòkunbọ̀, Linux ló wà nínú ẹ̀. Òun ni ẹ́ńjìnnì tó ń gbé fóònù náà rìn. Google fúnra rẹ̀ sọ lọ́dún 2021 pé àwọn ẹ̀rọ tó ń lo Android lágbàáyé ti lé ní bílíọ̀nù 3. Àwọn kọ̀ǹpútà 500 tó lágbára jù lọ láyé ńkọ́? Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2017, gbogbo wọn pátá ló ń lo Linux. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí iléeṣẹ́ kankan tó lè dìde pé òun nìkan lòun ni ín, kò sì sẹ́ni tó ń gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tó lò ó.

Torí pé ọ̀fẹ́ ni, ọ̀pọ̀ wa ló kà á sí sàárà. Ẹnì kan ti sè é, ẹnì kan ti bù ú sáwo, tiwa ni ká jẹ ẹ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí ni pé irọ́ gbáà ni, àáró ni. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ ẹ̀rí, ẹ wo gbogbo ohun tójú Linux rí lọ́dún 2024.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sí ìgboro lè máà mọ àáró. Láyé àwọn bàbá wa, àgbẹ̀ bíi mẹ́fà tàbí méje tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn máa ń kóra jọ. Lónìí, gbogbo wọn á lọ kọ ebè lóko Àjàní. Bó bá di ọ̀túnla, oko Àkànní ló kàn. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún ẹnì kejì. Bó o bá bá mi ṣe, màá bá ẹ ṣe, ó parí. Ó yàtọ̀ sí ọ̀wẹ̀, níbi tẹ́ni tó ni iṣẹ́ ti ń pe èèyàn jọ, tó sì ń fún wọn lóúnjẹ àti ẹmu. Ó wá yàtọ̀ pátápátá sí sàárà, níbi tó jẹ́ pé àwo lásán lèèyàn ń gbé lọ.

Lọ́dún 1991 ni Linus Torvalds, ọmọ ọdún 21 tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Helsinki lórílẹ̀-èdè Finland, bẹ̀rẹ̀ Linux. Lọ́dún 1992, ó fi í sábẹ́ ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní GPL. Ohun tí ìwé yẹn sọ ò le: ẹnikẹ́ni lè lò ó, ẹnikẹ́ni lè wo inú ẹ̀, ẹnikẹ́ni lè tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bó o bá tún un ṣe, tó o wá ń pín in fáwọn ẹlòmíì, o gbọ́dọ̀ jẹ́ káwọn náà rí ohun tó o tún ṣe. Ẹ tún un kà. Ṣebí òfin àáró náà nìyẹn?

Kẹ́ ẹ má sì rò pé àwọn ọmọ yunifásítì tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ nìkan ló ń ṣe é o. Intel, Google, Red Hat àti AMD ń sanwó oṣù fáwọn èèyàn tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa tún Linux ṣe lọ. Lọ́jà, Intel àti AMD ń bá ara wọn du oníbàárà. Lóko Linux, ebè kan náà ni wọ́n jọ ń kọ, torí kò sí èyí tó lè dá a kọ láàárín wọn.

Ó dáa, kí ni wọ́n wá ṣe lọ́dún 2024? Ẹ̀dà tuntun 6 ló jáde, látorí 6.7 tó jáde ní oṣù Kìíní, títí dórí 6.12 tó jáde lọ́jọ́ 17 oṣù Kọkànlá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá ló máa ń wà láàárín ẹ̀dà kan sí òmíì. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń gba iṣẹ́ tuntun wọlé. Ìyókù, wọ́n á máa dán an wò, wọ́n á máa tún ibi tó bá bàjẹ́ ṣe. Orí íméèlì lọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà ti ń wáyé, níṣojú gbogbo ayé, ẹni tó bá sì kọ nǹkan gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú 6.12 ni iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní PREEMPT_RT. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ní kí kọ̀ǹpútà ṣe nǹkan, ìgbà tó bá ráyè ló máa ṣe é. Bó bá fi díẹ̀ pẹ́, ẹ lè máà mọ̀ pàápàá. Àmọ́ bó bá jẹ́ ẹ̀rọ tó ń gé irin nílé iṣẹ́ ni, tàbí apá róbọ́ọ̀tì, ìdádúró tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan lè ba iṣẹ́ jẹ́, ó sì lè ṣe èèyàn léṣe. Ohun tí PREEMPT_RT ń ṣe ni pé ó ń mú kí Linux dáhùn láàárín àkókò tí wọ́n dá fún un, láìyẹ̀.

Nǹkan bí 20 ọdún ni wọ́n fi ṣe é. Ọmọ tí wọ́n bí nígbà tí iṣẹ́ yẹn bẹ̀rẹ̀ ti tó wọ yunifásítì. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń rọra gbé e wọlé, ebè kan lónìí, ebè kan lọ́dún tó ń bọ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, nílùú Vienna lórílẹ̀-èdè Austria, Thomas Gleixner, ọ̀kan lára àwọn aṣáájú iṣẹ́ náà, gbé apá tó kẹ́yìn fún Linus. Dípò íméèlì tí wọ́n sábà máa ń lò, orí ìwé ló tẹ̀ ẹ́ sí, ó wá fi bébà aláwọ̀ wúrà wé e bí ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí. Kò burú, ẹni tó bá ṣiṣẹ́ fún 20 ọdún láṣẹ láti ṣe fàájì.

Inú 6.12 yẹn kan náà ni iṣẹ́ Daniel Bristot de Oliveira wà, ọmọ Brazil tó ti pẹ́ lẹ́nu irú iṣẹ́ yìí. Ó kú ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, ojú rẹ̀ ò sì tó ọjọ́ tí 6.12 jáde. Àmọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ parí ibi tó bá a dé, wọ́n sì gbé e wọlé. Bí alábàáṣe ẹni bá ṣubú nínú àáró, àwọn tó kù kì í jẹ́ kí koríko bo ebè ẹ̀.

Àmọ́ kí n má tàn yín o, ọdún yẹn ò dùn látòkè délẹ̀. Irinṣẹ́ kékeré kan wà tó ń jẹ́ xz. Kò sí nínú Linux gan-an, ṣùgbọ́n kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí kọ̀ǹpútà Linux tí ẹ ò ti ní bá a. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó fún fáìlì pọ̀ kó má baà gba àyè. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹnì kan ṣoṣo ló ń tọ́jú ẹ̀, Lasse Collin ní Finland, láìgbowó. Ó rẹ̀ ẹ́. Àwọn kan sì ń fi íméèlì dà á láàmú pé iṣẹ́ ń falẹ̀, pé kó gbé e fún ẹlòmíì. Bẹ́ẹ̀ lẹni kan tó pe ara ẹ̀ ní Jia Tan yọjú lọ́dún 2021. Ó ń ràn án lọ́wọ́, ó ń ṣe dáadáa, títí wọ́n fi kó kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, Jia Tan dọ́gbọ́n gbẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sínú xz. Bí ẹ̀dà yẹn bá tàn káàkiri ni, ẹni tó mọ ilẹ̀kùn náà ì bá máa rìn wọ server káàkiri ayé bó ṣe wù ú.

Kí ló tú u fó? Andres Freund, òṣìṣẹ́ Microsoft, kíyè sí i pé wíwọlé sórí kọ̀ǹpútà kan ti ń pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ pẹ̀lú bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Ẹlòmíì á ṣẹ́jú, á kọjá. Òun tú u wò, ó sì pariwo síta lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹta. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá jọ wò, gígún ní í gún. Òótọ́ ni, torí bí kò bá jẹ́ pé kóòdù náà wà ní gbangba, bóyá ni ì bá rí i. Ṣùgbọ́n ìgbà tá ò jọ wò ó, tá a fi ẹrù gbogbo ayé lé ẹnì kan ṣoṣo lórí, nìgbà yẹn lolè wọlé.

Ìjà náà wà. Ní oṣù Kẹjọ, Wedson Almeida Filho, ọ̀kan lára àwọn tó léwájú nínú gbígbé èdè Rust wọ inú Linux, kó ẹrù ẹ̀ kúrò nítorí àtakò láàárín wọn. Ní oṣù Kẹwàá, wọ́n yọ orúkọ àwọn ará Rọ́ṣíà bíi méjìlá kúrò nínú ìwé àwọn alábòójútó nítorí òfin ìjẹníyà. Ìyẹn ló yẹ kó kọ wá lóminú. Ìjọba tí kì í ṣe tiyín lè ṣe òfin, kó sì kàn yín lóko tẹ́ ẹ ti ro fún ọdún pípẹ́. Bọ́rọ̀ bá rí báyìí fáwọn tó wà nínú àáró, kí ló máa jẹ́ tiwa tá a dúró sẹ́bàá oko?

Ẹ má sì sọ pé kò kàn wá. Bẹ́ ẹ bá ṣí ètò bọ́tìnnì ìtẹ̀wé lórí Linux, ẹ máa rí Nàìjíríà níbẹ̀, ẹ ó sì rí Yorùbá lábẹ́ ẹ̀. Kì í ṣe àánú iléeṣẹ́ ńlá kankan ló gbé e débẹ̀. Èèyàn ló jókòó, tó to ẹ, ọ àti ṣ síbi tó yẹ. Bí ẹ̀ ò bá fẹ́ràn bó ṣe tò ó, ẹ lè tún un ṣe, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́. Iléeṣẹ́ wo ló tún máa gbà yín láyè bẹ́ẹ̀?

Mo mọ ohun tẹ́nì kan á sọ: "Ẹ̀gbọ́n, data ń wọ́n, epo jẹnẹrétọ̀ ń wọ́n, ta ló ráyè iṣẹ́ ọ̀fẹ́?" Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, mi ò sì ní bá yín jiyàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé àwọn iléeṣẹ́ tó ń fi Linux pa owó nílùú Èkó ló yẹ kó kọ́kọ́ gbé ọkọ́. Ẹ fún òṣìṣẹ́ yín lọ́jọ́ kan lóṣù láti tún ohun tẹ́ ẹ̀ ń lò ṣe, kẹ́ ẹ sì sanwó ọjọ́ náà fún un. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ náà, ọ̀nà wà. Ètò kan tó ń jẹ́ Outreachy ń san 7,000 dọ́là fún oṣù mẹ́ta iṣẹ́ lórí irú nǹkan báyìí, Linux náà wà lára ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà sì ti ṣe é. Open Source Community Africa ti ṣe àjọ̀dún tiwọn l'Ékòó láti ọdún 2020. Kò sì dìgbà tẹ́ ẹ bá mọ kóòdù kọ. Ẹni tó lè tú ìwé ìlànà sí Yorùbá ní ọkọ́ lọ́wọ́. Ẹni tó lè ṣàlàyé dáadáa ohun tó bàjẹ́ àti bó ṣe bàjẹ́, òun náà ní ọkọ́ lọ́wọ́.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ mú irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ kan tẹ́ ẹ̀ ń lò lójoojúmọ́, kẹ́ ẹ wo iye èèyàn tó ń tọ́jú ẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, ẹ kọ̀wé sí i. Ẹ má tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀ o. Ẹ kí i kú iṣẹ́, kẹ́ ẹ sì bi í léèrè ohun tẹ́ ẹ lè bá a ṣe, kí Jia Tan mìíràn tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀.