‘Ọ̀gá, ẹ ṣáà bá mi dọ́gbọ́n sí i’: Ohun tí ojú àwọn onímọ́tò ń rí láti Ìkẹ́rẹ́ dé Èmùré

Ẹni tó bá ní mọ́tò àgbà, tó sì ń gbé Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ tàbí Èmùré-Èkìtì, kò ní í pẹ́ tó fi máa mọ̀ pé irin náà máa ń sọ̀rọ̀. Bó bá bọ́ sí kòtò, á dún kọ́ọ́, kọ́ọ́. Ẹni tó ni ín á gbọ́, á yí rédíò sókè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, bó bá ti fẹ́ ṣẹ́ kọ́nà, ká-ká-ká ló máa ń dún, bí ìgbà tọ́mọdé ń fi òkúta fọ́ ẹ̀kùrọ́. Ẹni tó ni ín á tún ní kò sóhun tó ń ṣe é, ó ṣáà ń lọ. Ọjọ́ tí kò bá wá lọ mọ́ lọ̀rọ̀ máa ń di ariwo, ọjọ́ náà kì í sì í sábà jẹ́ ọjọ́ tówó wà lápò.

Kì í ṣe ẹ̀bi mọ́tò nìkan o. Ojú ọ̀nà ló ń jẹ ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ọ̀nà Àkúrẹ́ tó gba Ìkẹ́rẹ́ kọjá sí Adó-Èkìtì, ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ni, ọdún gbọọrọ làwọn èèyàn sì ti fi pariwo nítorí ẹ̀. Àwọn tó ń yà ní Ìkẹ́rẹ́ gba Ìsẹ̀ lọ sí Èmùré náà mọ ohun tójú wọn ti rí. Bí táyà kan bá wọ kòtò, gbogbo ẹrù iwájú, ẹ́ńjìnnì, gíábọ́ọ̀sì, àtàwọn tó jókòó níwájú, orí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo ẹ̀ máa já lé.

Nígbà tí òyìnbó kọ́kọ́ ń wá síbẹ̀, wọn ò tiẹ̀ ní ọkọ̀ tí kòtò máa bà jẹ́. Ilẹ̀kùn ààfin Ògògà tí Ọlọ́wẹ̀, ògbóǹtarìgì agbẹ́gilére ará Ìsẹ̀, gbẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914 ṣì wà ní British Museum ní London. Ẹni tó bá wò ó dáadáa á rí Captain Ambrose, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, níbi táwọn èèyàn ti gbé e wá síwájú ọba. Èjìká àwọn tó gbé e yẹn ni ṣọ́kì rẹ̀. Bí èjìká kan bá ń dun ẹni tó ni ín, wọ́n á fi tẹlòmíràn rọ́pò ẹ̀, òyìnbó ò ní ra páàtì.

Àwọn bàbá tó lo Peugeot 504, èyí tí ilé-iṣẹ́ PAN ní Kaduna bẹ̀rẹ̀ sí í tò lọ́dún 1975, máa ń sọ pé mọ́tò ò sí mọ́ láyé. Bó bá di ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ iwájú, wọn ò parọ́. Ẹ́ńjìnnì 504 wà níwájú lóòótọ́, ṣùgbọ́n táyà ẹ̀yìn ló ń tì í lọ. Iṣẹ́ tiwájú ò ju kó gbé ẹrù, kó sì yà síbi tí wọ́n bá yí sìtíárìn sí. Ṣùgbọ́n tókunbọ̀ tó kún títì lónìí, Camry, Corolla, Carina, Primera, Golf, Accord, táyà iwájú ló ń fà wọ́n. Ẹsẹ̀ kan náà ló ń gbé ẹrù, òun ló ń yà, òun ló tún ń fa ọkọ̀. Ẹ wo ìyà!

Ṣáàfù méjì ló jáde látinú gíábọ́ọ̀sì, ọ̀kan lọ sọ́tùn-ún, èkejì lọ sósì. Ṣáàfù kọ̀ọ̀kan lórí nínú, ó lórí níta. Orí tìta yìí niṣẹ́ wà. Ó gbọ́dọ̀ máa yí táyà, kí táyà ọ̀hún sì máa ṣẹ́ kọ́nà, kó tún máa fò sókè sódò bí ọ̀nà bá ṣe rí. Alfred Rzeppa, ẹnjiníà kan ní Ford, ló ronú kan irú èyí tó wọ́pọ̀ jù lónìí láàárín ọdún 1920 sí 1930: ọmọ irin róbótó mẹ́fà tó ń yí nínú ojú ihò tiwọn. Rọ́bà dúdú kan tó ká kẹ́ńkẹ́ńkẹ́ ló bo orí náà, bọ́ọ̀tù ni wọ́n ń pè é, gíríìsì ló sì wà nínú ẹ̀.

Rọ́bà yìí gan-an ni kéèyàn máa ṣọ́. Kò wọ́n, òun ló sì ń pa ṣáàfù tó wọ́n. Bó bá ti ya, gíríìsì á tú síta, á lẹ̀ mọ́ ara inú ríìmù, dúdú kirimu. Yanrìn àti omi òjò á wá gbapò ẹ̀. Ẹni tó bá tètè rí i, bọ́ọ̀tù tuntun àti gíríìsì tuntun ti tó o. Ẹni tó bá dúró dìgbà tó ń dún ká-ká-ká, ó ti pẹ́ jù, odidi ṣáàfù ló máa rà. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá tẹ iná mọ́ ọn lọkọ̀ ń gbọ̀n, tó ń rọlẹ̀ bí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ orí tinú. Èyí tó ń dún kọ́ọ́ nínú kòtò yàtọ̀ sí ìyẹn, búṣìn apá ìsàlẹ̀ ni, tàbí línkéèjì, tàbí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì. Ní ti ṣọ́kì, kéèyàn fọwọ́ tẹ orí iwájú ọkọ̀ mọ́lẹ̀ kó sì fi í sílẹ̀. Bó bá dìde tó sì dúró, ó ṣì dáa. Bó bá ń jó bí ẹni tí wọ́n lùlù fún, ó ti kú.

Nínú gbogbo wọn, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ló ń dẹ́rù ba àwọn tó mọṣẹ́. Ṣáàfù tó já, ọkọ̀ ò ní lè lọ mọ́ ni, ìyẹn á kàn dójú ti èèyàn. Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì bá yọ lórí eré, táyà á ṣẹ́ wọnú bí ẹsẹ̀ ẹni tó ro lápá, sìtíárìn ò sì ní ràn dẹ́rẹ́bà lọ́wọ́.

Ìgbà tọ́rọ̀ bá dé ìsọ̀ mekáníìkì ni wàhálà gidi máa ń bẹ̀rẹ̀. Ká sọ pé tíṣà obìnrin kan ló gbé Camry rẹ̀ wá. Ọ̀gá mekáníìkì á wọ abẹ́ ọkọ̀, á fi irin gún ibí, á mi tọ̀hún, á wá jáde: “Àǹtí, ṣáàfù ọ̀tún ti lọ. Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì méjèèjì ti lọ. Búṣìn náà ti jẹ tán, ṣọ́kì yìí ò sì lè dé Kérésì.” Tíṣà á dákẹ́. Ó mọ iye tó wà lọ́wọ́ òun. Gbólóhùn kan báyìí ló máa ń tẹ̀ lé e, tí kò sí ìsọ̀ mekáníìkì tí wọn kì í ti í gbọ́ ọ: “Ọ̀gá, ẹ ṣáà bá mi dọ́gbọ́n sí i.”

Ọgbọ́n yìí ló ń bí oríṣiríṣi. Àwọn kan á gé rọ́bà táyà àtijọ́, wọ́n á fi ṣe búṣìn. Àwọn kan á jó bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tó ti jẹ pọ̀ mọ́ irin, bẹ́ẹ̀ ohun tó yẹ kó máa yí ni. Àwọn mìíràn á rọ gíríìsì kún orí ṣáàfù tó ti jẹ, wọ́n á so rọ́bà ẹ̀ padà, ariwo á lọ silẹ̀ díẹ̀, oníǹkan á san owó, á dúpẹ́. Kì í ṣe gbogbo mekáníìkì tó ṣe bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ olè. Ohun tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe náà ló ṣe.

Owó ló fa gbogbo ẹ̀. Láti ìgbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde ní May 29, 2023 pé kò sí owó ìrànwọ́ orí epo mọ́, tí wọ́n sì jẹ́ kí náírà wá iye tirẹ̀ lọ́jà lóṣù tó tẹ̀ lé e, iye páàtì ò ṣeé sọ̀rọ̀ lé mọ́, nítorí òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá. Owó oṣù tó kéré jù fòṣìṣẹ́ di 70,000 náírà lọ́dún 2024. Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì pé, kó lọ wo ohun tó máa ṣẹ́ kù nínú ẹ̀. Ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi ń wá tókunbọ̀ páàtì lọ títí dé Ládípọ̀ l’Ékòó. Mọ́tò ọ̀hún gan-an, ó ti gbó kó tó débí. Àjọ tó ń rí sọ́rọ̀ àyíká nínú ìṣọ̀kan àgbáyé sọ lọ́dún 2020 pé mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù ló jáde láti Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Japan láàárín 2015 sí 2018, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló sì wá sí Áfíríkà. Kòtò tòyìnbó ò pa, tiwa ló ń parí ẹ̀.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tó ń mú kí ọ̀rọ̀ ‘ẹ dọ́gbọ́n sí i’ má dùn létí mọ́ lápá ibẹ̀ yẹn. Ní January 29, 2024, àwọn ajínigbé dá bọ́ọ̀sì ilé-ìwé kan lọ́nà lágbègbè Èmùré nígbà tó ń gbé àwọn ọmọ lọ sílé, wọ́n kó àwọn ọmọ àtàwọn tíṣà wọn wọgbó. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n pa ọba méjì lápá Ìkọ̀lé. Oṣù kejì ni wọ́n tó fi àwọn ọmọ náà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ò kan ṣáàfù, àmọ́ ẹni tó ń wa mọ́tò àgbà gba ibi tígbó ti sún mọ́ títì ò lè gbàgbé ẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ máa fi jáàkì gbé ọkọ̀ níbẹ̀ nígbà tílẹ̀ bá ń ṣú.

Ẹni tó bá wá ṣetán láti ṣe é bó ṣe yẹ, kò ní í tó ọjọ́ kan, bí páàtì bá ti wà nílẹ̀. Nọ́ọ̀tì ńlá àárín táyà ni wọ́n kọ́kọ́ ń tú, nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà nílẹ̀, tẹ́nì kan tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni jáàkì. Jáàkì nìkan ò tó o! Kí wọ́n fi igi tàbí irin gidi gbé e dúró kẹ́nikẹ́ni tó wọ abẹ́ ẹ̀. Táìrọ́ọ̀dù àti bọ́ọ̀lù jọ́ìntì á kúrò níbi tí wọ́n ti so mọ́ ọn, kí wọ́n sì fi irin ìfàyọ fà á, torí òòlù máa ń ba ojú ẹ̀ jẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ yọ ṣáàfù lára gíábọ́ọ̀sì, kí wọ́n má fi ọ̀pá àárín ẹ̀ fà á, orí tinú lè tú dànù; ìdí ẹ̀ ni kí wọ́n ti fi irin tì í jáde. Ọ́ìlì á dà, kí wọ́n sì dá iye tó dà padà. Kí tuntun tó wọlé, kí wọ́n gbé e ti àtijọ́: gígùn ẹ̀, iye eyín ẹ̀, àti òrùka ABS bó bá ní in. Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ti ra èyí tí eyín ẹ̀ ò pé!

Ti ṣọ́kì le jù. Síríǹgì tó wà lára ẹ̀ ti ká pọ̀, agbára tó ń bẹ nínú ẹ̀ lè fọ́ orí èèyàn. Ẹni tí kò bá nírin tí wọ́n fi ń ká a mọ́lẹ̀, kó má dán an wò pẹ̀lú okùn. Méjèèjì ni kí wọ́n sì pààrọ̀ pọ̀, kí ọkọ̀ má bàa rọ sápá kan. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ kì í ṣe: ìgbà tí ọkọ̀ bá ti sọ̀ kalẹ̀, tí ẹrù ẹ̀ ti wà lórí táyà, ni kí wọ́n tó dí nọ́ọ̀tì búṣìn pa. Bí wọ́n bá dí i pa lójú òfuurufú, rọ́bà á lọ́ra, kò sì ní í pẹ́ ya.

Lẹ́yìn náà ni aláìnmẹ́ǹtì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, táyà tuntun á jẹ lápá kan láàárín oṣù díẹ̀. Kí tíṣà wá wakọ̀ náà jáde fúnra ẹ̀, pẹ̀lú mekáníìkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kó pa rédíò, kó sọ gíláàsì kalẹ̀, kó yí sìtíárìn dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì. Bó bá padà dé ìsọ̀, kó gba ṣáàfù àtijọ́ ẹ̀ sínú bùútù. Àwọn tó ń ra irin àlòkù máa san nǹkan lé e, bí wọn ò bá sì gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ẹlòmíràn á tà á fún wọn.