Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe Lè Mọ Ìlú Lómè

(Àròkọ Aláàlàyé)

Ìlapa èrò: ìfáárà, ìrìn-àjò, bí ìlú ṣe rí, ọjà àti oúnjẹ, èdè, ìgúnlẹ̀.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Àjòjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran." Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí fún akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá rán lọ sí ilẹ̀ òkèèrè láti lọ kọ́ èdè. Ó ti pẹ́ tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa ti ń rán àwọn tí ń kọ́ èdè Faransé lọ sí Lómè, olú-ìlú Tógò, kí ahọ́n wọn lè yọ̀. Ibi tí púpọ̀ nínú wọn ń dé sí ni Village du Bénin, tí ó wà nínú Yunifásítì Lómè. Ẹni tí ó bá mọ ìlú náà yóò jèrè ìrìn-àjò rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò na owó òbí rẹ̀ lásán.

Ọ̀nà Lómè kò jìn. Láti Èkó síbẹ̀ kò tó 300 kìlómítà. Ibodè méjì ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọjá: Sẹ̀mẹ̀, níbi tí Nàìjíríà ti bá Bẹ̀nẹ̀ pààlà, àti Hilla-Condji, níbi tí Bẹ̀nẹ̀ ti bá Tógò pààlà. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣe ní 1979 gba ọmọ Nàìjíríà láàyè láti wọ Tógò láìgba físà, kí ó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀. Bí yóò bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó gbọ́dọ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ ìjọba. Owó sẹ́fà ni wọ́n ń ná. Aago wọn sì fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí tiwa: nígbà tí aago mẹ́jọ bá lù ní Èkó, méje ni ní Lómè. Ẹni tí kò bá yí aago rẹ̀ padà yóò máa dé kíláàsì ṣáájú olùkọ́.

Ohun kejì ni láti mọ bí ìlú náà ṣe rí. Òkun wà ní gúúsù rẹ̀. Ní ìwọ̀-oòrùn, ibodè Gánà fara kan àwọn ilé ìlú. Òpópó ńlá kan, Boulevard du 13 Janvier, tẹ̀ bí ọrun yí ìlú àtijọ́ ká, orí rẹ̀ méjèèjì sì kọjú sí òkun. Ẹni tí ó bá ti mọ òkun àti òpópó yìí kò ní tètè ṣìnà ní àárín ìlú. Ọ̀kadà, tí wọ́n ń pè ní zémidjan, pọ̀ ní ìgboro. Kí á ná owó rẹ̀ kí á tó gùn ún.

Ọjà ńlá Assigamé wà nítòsí Kàtídírà tí a kọ́ ní ayé àwọn ará Jámánì, tí wọ́n ṣàkóso Tógò láti 1884 títí di 1914. Ọjà yìí ni àwọn ìyá oníṣòwò ankárá ti là, débi pé ọkọ̀ Mercedes Benz tí wọ́n ń gùn di orúkọ fún wọn: Nana Benz. Iná jó ilé ọjà náà ní oṣù kìíní ọdún 2013, ṣùgbọ́n káràkátà kò kúrò ní àdúgbò náà. Ní ti oúnjẹ, ẹni tí ó bá ní kí wọ́n bu fùfú fún òun, iyán ni yóò rí, nítorí orúkọ tí wọ́n ń pe iyán nìyẹn. Adémè tí wọ́n fi ń jẹ òkèlè àgbàdo, ewédú tiwa ni.

Olórí gbogbo rẹ̀ ni èdè. Faransé ni èdè ilé-ẹ̀kọ́ àti ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n Éwé àti Mina ni èdè ọjà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá lè sọ "akpé", tí í ṣe "ẹ ṣeun", ojú tí wọn yóò fi wò ó yóò yàtọ̀. Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni pé Yorùbá wà ní Lómè: wọ́n ń tajà lọ́jà, wọ́n sì ń bẹ ní yàrá ẹni. Ó rọrùn kí ilẹ̀ mọ́, kí ó sì ṣú, láìsọ ju gbólóhùn Faransé mẹ́wàá lọ. Ohun tí ó dára ni kí akẹ́kọ̀ọ́ yan olóńjẹ kan, aránṣọ kan àti ọ̀rẹ́ ọmọ Tógò kan tí yóò máa bá sọ Faransé lójoojúmọ́, bí wọ́n tilẹ̀ ń fi í rẹ́rìn-ín.

Ní ìparí, ìlú kì í wá bá àlejò nínú yàrá. Àlejò ni í jáde lọ bá ìlú. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì fi Faransé béèrè, ọ̀nà àti èdè ni yóò mọ̀ pọ̀.