Ìbátan Ọ̀pọ̀-sí-Ọ̀pọ̀ nínú Àká Dátà: Àtẹ, Alárinà àti Ògbufọ̀

Ọ̀rọ̀ méjì tí ó jọra nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà máa ń ṣi àwọn olùtúmọ̀ lọ́nà. Ní 1970, E. F. Codd, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà, gbé ọ̀nà kan jáde fún títo dátà, ó sì yá orúkọ rẹ̀ láti inú ìṣirò. Àtẹ fúnra rẹ̀, tí ó ní ìlà àti òpó, ni orúkọ náà ń tọ́ka sí. Kì í ṣe okùn tí ó so àtẹ kan mọ́ òmíràn. Ní 1976 ni Peter Chen fi ọ̀rọ̀ tí ó jọ ọ́ pe ìsopọ̀ tí ó wà láàárín ohun kan àti òmíràn. Bí a bá pe méjèèjì ní ‘ìbátan’, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé nítorí pé àwọn àtẹ bá ara wọn tan ni ọ̀nà Codd ṣe ń jẹ́ orúkọ tí ó ń jẹ́. Ó sàn kí ‘àtẹ’ jẹ́ ti Codd, kí ‘ìbátan’ jẹ́ ti Chen.

Ìbátan tí ó máa ń fa wàhálà jù ni ti ọ̀pọ̀-sí-ọ̀pọ̀. Ká ní àwọn oníṣòwò tí ń gbé ní Alápẹ̀rẹ̀, ní agbègbè Kétu ní Èkó, tí wọ́n ń tajà ní Mile 12, fẹ́ kọ orúkọ ara wọn àti ọjà wọn sínú kọ̀ǹpútà. (‘Oní apẹ̀rẹ̀’ ni orúkọ àdúgbò náà bí a bá tú u, apẹ̀rẹ̀ ni a sì ti ń fi kó tòmátì wọ Mile 12 tipẹ́tipẹ́. ‘Ọjà’ níhìn-ín ni ohun títà, kì í ṣe ibi ìtajà.) Oníṣòwò kan lè máa ta tòmátì, ata rodo àti àlùbọ́sà pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò ń ta tòmátì. Bí akọ̀wé bá kó gbogbo ọjà ẹnì kan sí ojú kan ṣoṣo nínú àtẹ, yóò ṣòro láti ṣa àwọn tí ń ta ata jọ. Bí ó bá la òpó mẹ́ta fún ọjà, ẹni tí ń ta mẹ́rin ti bọ́ síta.

Àtẹ kẹta ni ọ̀nà àbáyọ. Àtẹ oníṣòwò wà lọ́tọ̀, àtẹ ọjà wà lọ́tọ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Bí oníṣòwò 1 bá ń ta ọjà 7 àti 8, tí oníṣòwò 2 sì ń ta ọjà 7, ìlà mẹ́ta ni àtẹ kẹta yóò ní: 1 àti 7, 1 àti 8, 2 àti 7.

Orúkọ tí ó yẹ ẹ́ ni ‘àtẹ alárinà’. ‘Àtẹ ìsopọ̀’ kò burú, ṣùgbọ́n kò sọ ju pé ohun méjì pàdé lọ. Alárinà nínú ìgbéyàwó mọ ìdílé méjèèjì, ó sì mọ àdéhùn tí kì í ṣe ti ìdílé kan nìkan. Bẹ́ẹ̀ náà ni iye owó rí. Iye tí oníṣòwò 1 ń ta tòmátì kì í ṣe àbùdá oníṣòwò náà, nítorí iye tí ó ń ta ata yàtọ̀; kì í sì í ṣe àbùdá tòmátì, nítorí oníṣòwò 2 lè tà á ní iye mìíràn. Ọ̀dọ̀ alárinà ni ibùjókòó rẹ̀.

Èdè ìṣètò kọ̀ǹpútà bíi Java àti Python, ohun ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe àtẹ. (‘Ohun’ yìí kò gbọdọ̀ di ‘àbọ̀’, àbọ̀ ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ nínú gírámà.) Irinṣẹ́ tí ń sọ ọ̀rọ̀ ohun di ọ̀rọ̀ àtẹ ni ‘ògbufọ̀’. Hibernate, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2001, ń ṣe é fún Java. Django, tí ó jáde ní 2005, ní tirẹ̀ fún Python. Nínú Django, a ó kọ ManyToManyField sínú ẹ̀yà Oníṣòwò tàbí ẹ̀yà Ọjà, kì í ṣe sínú méjèèjì, ògbufọ̀ yóò sì dá àtẹ alárinà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí a bá pa oníṣòwò kan rẹ́, àwọn ìlà rẹ̀ lọ́dọ̀ alárinà yóò bá a lọ. Àwọn ọjà yóò ṣẹ́ kù.

Ìrọ̀rùn yìí ni olùkọ́ ní láti ṣọ́ra fún. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò fojú rí alárinà yóò fi iye owó sínú àtẹ ọjà, gbogbo ènìyàn yóò sì di ẹni tí ń ta tòmátì ní iye kan náà. Ó gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀yà alárinà fúnra rẹ̀, kí ó sọ ọ́ lórúkọ, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ through júwe rẹ̀ fún ògbufọ̀. ‘Ìpàtẹ’ yóò bá àpẹẹrẹ yìí mu: oníṣòwò kan, ọjà kan, iye kan. Kí ó pàṣẹ pẹ̀lú pé nọ́ńbà méjì kan náà kò gbọdọ̀ wà ní ìlà méjì, àfi bí ó bá fẹ́ tọ́jú iye ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Nígbà náà, ọjọ́ yóò ní òpó tirẹ̀ nínú Ìpàtẹ.