Ibi tí Àbùkù ti Hàn àti Ibi tí Ó ti Ṣẹ̀: Àyẹ̀wò Àìsàn Kọ̀ǹpútà Inú Ilé fún Olùkọ́ Èdè Yorùbá

Ìfáárà

Ohun tí ó bí iṣẹ́ yìí ni ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí mo bójú tó iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀. Ó gba ẹkún ìyàwó sílẹ̀ lẹ́nu ìyá ìyá rẹ̀, ó sì dà á kọ sínú kọ̀ǹpútà tí ó wà nílé wọn. Nígbà tí ó yá, kò sí ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì kankan tí kọ̀ǹpútà náà lè ṣí mọ́. Ó gbé e lọ fún ẹni tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Onítọ̀hún ní kòkòrò ni ó wọ inú rẹ̀, ó pa gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀ rẹ́, ó sì gbé ètò tuntun sí i. Nígbà tí wọ́n gbé e padà délé, íntánẹ́ẹ̀tì kò tún ṣí. Ìgbà tí a wá yẹ̀ ẹ́ wò ni a rí i pé ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà náà ń kà ti fi ọ̀pọ̀ ọdún rẹ̀yìn. Bátìrì pẹlẹbẹ kan tí kò tóbi ju owó ẹyọ lọ ni ó kú. Ẹkún ìyàwó ti lọ, ìyá àgbà náà sì ti di ará ọ̀run kí akẹ́kọ̀ọ́ yìí tó ráyè padà lọ bá a.

Èrò kan ṣoṣo ni iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀: ibi tí àbùkù kọ̀ǹpútà ti hàn sí wa lè yàtọ̀ pátápátá sí ibi tí ó ti ṣẹ̀. A gbọ́dọ̀ wá ibi tí ó ti ṣẹ̀ rí kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun tí a kò ní lè dá padà. A ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ìsopọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì àti lẹ́tà Yorùbá. Èyí tí ó kẹ́yìn ni a ó pẹ́ lé lórí jù, nítorí pé àwa akọ́mọlédè ni ó kàn jù lọ.

Ojú kọ̀ǹpútà tí ó ṣókùnkùn

Bí ojú kọ̀ǹpútà bá ṣókùnkùn, ọ̀pọ̀ ènìyàn a gbà pé kọ̀ǹpútà ti kú. Kí a kọ́kọ́ fetí sílẹ̀: ṣé fáànù inú rẹ̀ ń dún? Ṣé iná kékeré iwájú rẹ̀ ń tàn? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí kọ̀ǹpútà máa ṣiṣẹ́ lọ, kí ó sì jẹ́ pé àwòrán ni kò dé ojú rẹ̀. Kí a yọ okùn tí ó so àpótí kọ̀ǹpútà mọ́ móníítọ̀, kí a tún un kì bọ̀ ọ́ dáadáa. Àwọn àpótí kan ní ihò méjì tí okùn yìí lè wọ̀ lẹ́yìn wọn. Bí kọ̀ǹpútà bá ní káàdì àwòrán tirẹ̀ lọ́tọ̀, ihò ara káàdì yẹn ni kí okùn wọ̀.

Ní ti kọ̀ǹpútà alágbèéká, kí a tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ nínú òkùnkùn. Bí a bá rí àwòrán fírífírí, a jẹ́ pé iná ẹ̀yìn ojú náà ni ó kú. Iṣẹ́ wa ṣì wà nínú rẹ̀. A lè so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, kí a tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ P títí àwòrán yóò fi bọ́ sí ojú kejì, kí a sì da fáìlì wa kọ sórí fìláàṣì. Kí a tó gbé ẹ̀rọ fún ẹnikẹ́ni ni kí a ti ṣe èyí, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

(Bí kọ̀ǹpútà bá ń kú tí ó sì ń jí fúnra rẹ̀, kí a kọ́kọ́ fura sí iná. Jẹnẹrétọ̀ tí agbára rẹ̀ ń lọ sókè sódò máa ń mú kí ènìyàn dá ètò inú kọ̀ǹpútà lẹ́bi láìnídìí.)

Íntánẹ́ẹ̀tì tí kò ṣí

Ìbéèrè àkọ́kọ́ kò le: ṣé fóònù tí ó wà lórí ìsopọ̀ kan náà ń ṣí ojú-ewé? Bí kò bá ṣí, kí a wò ó bóyá dátà ti tán. Ohun tí ó ń dójú ti ọ̀mọ̀wé nìyẹn. Bí fóònù bá ṣí i, ọ̀rọ̀ di ti kọ̀ǹpútà. Kí a ṣí ojú-ìwé dúdú tí a ti ń tẹ àṣẹ, kí a tẹ ipconfig. Bí nọ́ńbà àdírẹ́sì tí ó jáde bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, kọ̀ǹpútà kò rí àdírẹ́sì gbà lọ́wọ́ rúútà, òun ni ó fún ara rẹ̀ ní ọ̀kan. Àárín àwọn méjèèjì ni àbùkù wà. Bí àdírẹ́sì bá dára, kí a tẹ ping 8.8.8.8. Bí èsì bá wá, ọ̀nà là. Bí ó bá wá jẹ́ pé orúkọ ojú-ewé nìkan ni kò dáhùn, a jẹ́ pé ẹ̀ka tí ń túmọ̀ orúkọ sí nọ́ńbà, tí wọ́n ń pè ní DNS, ni ó ṣàárẹ̀.

Ti akẹ́kọ̀ọ́ wa yàtọ̀ sí gbogbo èyí, nítorí pé ping tirẹ̀ ń dáhùn. Ojú-ewé tí àdírẹ́sì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https máa ń fi ìwé-ẹ̀rí han kọ̀ǹpútà, ìwé-ẹ̀rí náà sì ní ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí. Kọ̀ǹpútà tí ó gbà pé ọdún 2009 ni a wà yóò ka ìwé-ẹ̀rí òní sí èyí tí àkókò rẹ̀ kò tí ì tó, yóò sì kọ̀ ọ́. Bátìrì tí wọ́n ń pè ní CR2032, tí agbára rẹ̀ jẹ́ fóòtì 3, ni ó ń jẹ́ kí aago kọ̀ǹpútà orí tábìlì máa ṣiṣẹ́ nígbà tí kò sí iná. Níbi tí iná kì í ti í dé fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, bátìrì yìí ni ó ń dá ẹrù náà rù. Kí a tún ọjọ́ ṣe ní ojú kọ̀ǹpútà, ojú-ewé yóò ṣí. Kí a sì pààrọ̀ bátìrì kí ó má baà tún ṣẹlẹ̀ nígbà tí iná bá tún lọ.

Lẹ́tà Yorùbá tí ó dàrú

Àìsàn lẹ́tà pín sí oríṣìíríṣìí, ìtọ́jú wọn kò sì papọ̀. Èkíní ni àpótí: a kọ ẹ, a kọ ṣ, àpótí òfìfo ni a rí. Fọ́ǹtì tí a lò kò ní àwòrán lẹ́tà náà ni. Kò sí ohun tí ó ṣe fáìlì. Kí a yan fọ́ǹtì tí ó ní i, bí i Charis SIL, Gentium tàbí Noto Sans, tí a kì í rà lówó. Àpótí òfìfo yìí gan-an ni àwọn onífọ́ǹtì ń fi ẹ̀fẹ̀ pè ní tofu, orúkọ oúnjẹ tí wọ́n ń fi ẹ̀wà sóyà ṣe, inú ẹ̀fẹ̀ yìí sì ni orúkọ Noto ti jáde: pé tofu kò gbọdọ̀ sí mọ́.

Èkejì ni kí ẹṣin di áº¹á¹£in. Ní ìlànà UTF-8, nọ́ńbà mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú ẹ, mẹ́ta ni ó sì fi ń tọ́jú ṣ. Bí ètò tí ó ṣí fáìlì bá fi ìlànà àwọn ará Yúróòpù àtijọ́ kà á, yóò ka nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sí lẹ́tà kan. Kí a pa fáìlì náà dé láìtọ́jú rẹ̀, kí a tún un ṣí, kí a yan UTF-8. Bí a bá tọ́jú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, àṣìkà náà lè di àkọsílẹ̀, iṣẹ́ a sì le sí i.

Ẹ̀kẹta ni ti fọ́ǹtì àtijọ́. Kí Unicode tó gbilẹ̀, àwọn kan ṣe fọ́ǹtì tí ó fi àwòrán ẹ àti ọ sí ipò àmì mìíràn. Ẹni tí kò bá ní fọ́ǹtì yẹn yóò rí àmì àjèjì, nítorí pé àmì àjèjì gan-an ni ó wà nínú fáìlì. Pípààrọ̀ fọ́ǹtì kò lè wo èyí sàn. Ẹ̀dà fáìlì ni kí a lò, kí a máa fi lẹ́tà gidi rọ́pò àmì kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀kẹrin ni ó jọ mí lójú jù, nítorí pé ojú kò rí i. Unicode ní nọ́ńbà kan fún ẹ, U+1EB9, ṣùgbọ́n kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́. A lè kọ ẹ kí a fi àmì ohùn òkè, U+0301, lé e. A sì lè kọ é kí a fi àmì ìsàlẹ̀, U+0323, sí i. Ojú kan náà ni wọ́n ní, ṣùgbọ́n àwọn ètò kan kà wọ́n sí ọ̀tọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń wá ọ̀rọ̀ kan nínú orí mẹ́ta tí ènìyàn mẹ́ta tẹ̀ lè rí i ní ibi mẹ́ta péré, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí àbájáde ìwádìí. Bí a bá fẹ́ ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ jẹ yọ, kí kíbọọ̀dù kan náà tẹ gbogbo rẹ̀, tàbí kí a lo ètò tí ó lè sọ méjèèjì di ìkan.

Ní ti ìtẹ̀jáde, PDF ni kí a gbé lọ sí ilé ìtẹ̀wé, kí fọ́ǹtì sì wà nínú rẹ̀, nítorí pé a kò mọ fọ́ǹtì tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà tibẹ̀. Kí a tẹ ojú-ìwé kan ṣoṣo jáde ná, èyí tí ẹ́, ọ̀ àti ṣ wà nínú rẹ̀, kí a wò ó fínnífínní kí wọ́n tó tẹ ọgọ́rin yòókù.