Ìbéèrè Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ Nínú Ìdánwò JAMB

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, púpọ̀ nínú wa ní Mushin, Yaba àti Surulere ló ń yáwó ẹgbẹ́ láti fi ra fọ́ọ̀mù JAMB fún ọmọ. Dandan ni Gẹ̀ẹ́sì fún gbogbo wọn: ìbéèrè 60 nínú 180.

Ẹ wo gbólóhùn yìí: “The treasurer was candid with members.” Ìdáhùn mẹ́rin wà: “bitter”, “frank”, “secretive”, “sweet”. Bí wọ́n bá béèrè èyí tó sún mọ́ “candid” jù ní ìtumọ̀, “frank” ni. Bó bá jẹ́ òdìkejì rẹ̀ ni wọ́n béèrè, “secretive” ni. (“Sweet” wà fún ẹni tí “candy” bá sọ sí lọ́kàn.) Ọmọ tó kánjú tí kò ka àṣẹ ìbéèrè yóò ṣì í, bó tilẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ náà bí ẹni mowó.

Nítorí náà, kí ó tó wo ìdáhùn, kí ó túmọ̀ gbólóhùn náà sí Yorùbá lọ́kàn: akápò kò fi nǹkan kan pamọ́ fún ọmọ ẹgbẹ́. Ìyá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá lè ràn án lọ́wọ́ nílé. Ẹ ní kí ó túmọ̀ rẹ̀ fún yín; bí kò bá yé yín, ẹ jẹ́ kí ó tún un ṣe.