Ijó Waltz: Kí Tọkọtaya Má Baà Tẹ Ara Wọn Lẹ́sẹ̀ Lójú Agbo

Níbi ìgbéyàwó lóde òní, ìbáà jẹ́ ní Ìmẹ̀sí-Ilé tàbí l'Ékòó, adarí ètò a máa pe tọkọtaya síta láti jó. Nínú ijó tiwa, olúkúlùkù ló ń dá ẹsẹ̀ tirẹ̀ gbé. Ní ti waltz, àwọn méjèèjì á di ara wọn mú. Bí ẹnì kan bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, àwọn méjèèjì ló kọsẹ̀.

Ijó yìí kì í ṣe àjèjì. Ṣáájú ọdún 1900 ni àwọn ọ̀làjú Èkó ti ń jó irú rẹ̀ níbi àríyá wọn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń jó o? Ẹ máa kà á: ení, èjì, ẹ̀ta. Ní ení, ọkọ yóò gbé ẹsẹ̀ òsì síwájú, ìyàwó yóò sì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn. Ní èjì, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ kejì sí ẹ̀gbẹ́. Ní ẹ̀ta, kí wọ́n pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀. Lẹ́yìn èyí, ọkọ yóò fi ẹsẹ̀ ọ̀tún padà sẹ́yìn, ìyàwó yóò sì fi òsì tẹ̀ lé e síwájú. Wọn yóò tún yà sí ẹ̀gbẹ́, wọn yóò sì pa ẹsẹ̀ pọ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ọkọ máa fi ọwọ́ fa ìyàwó rẹ̀. Àyà ni a fi ń darí, kì í ṣe ọwọ́. Kí ìyàwó náà má sáré ṣáájú, kí ẹnikẹ́ni má sì tẹjú mọ́lẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò kí ọjọ́ tó pé: ọjọ́ ogun kọ́ ni à ń pọ́n ọfà.