Etí Wa àti Ariwo Àsìkò Àríyá

Ẹ̀yà ara kan tí kì í sinmi ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Bí oorun bá kun ojú, ìpéǹpéjú a pa dé. Bí ẹnu kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ètè a pa dé. Ṣùgbọ́n etí kò ní ìlẹ̀kùn. Ohunkóhun tí ayé bá dà sí i ni ó ń gbà, ì báà jẹ́ pé a sùn, ì báà jẹ́ pé a jí. Nítorí náà, ẹni tí ó ni etí ni ó gbọdọ̀ ṣọ́ ọ.

Ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni àríyá ń gbérí. Ìparí oṣù kẹsàn-án tàbí oṣù kẹwàá ni a sábà máa ń ṣe ọdún Ọlọ́jọ́, nígbà tí Ọọ̀ni yóò jáde lọ sí Òkè Mògún, tí tọmọdé tàgbà yóò sì tú síta. Láti ìgbà náà títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi parí, kò sí òpin ọ̀sẹ̀ tí a kì í ṣe ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà tàbí ìṣílé. Kérésìmesì àti ọdún tuntun náà yóò sì dé. A ó na àtíbàbà sí ojú títì, a ó to sípíkà léra wọn bí àpótí, jẹnẹrétọ̀ yóò máa hó lẹ́yìn ilé, àwọn ọmọdé yóò sì máa ju bángà sí ẹsẹ̀ ara wọn.

N kò wá sọ pé kí a má ṣe àríyá mọ́. Ọmọ onílùú ni wá, ìlù sì jẹ́ ara ohun tí àwọn baba wa fi jogún fún wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé apá ènìyàn ni ó ń mú dùndún àti bàtá dún. Bí apá bá rẹ onílù, ìlù a rọlẹ̀, etí a sì sinmi. Apá sípíkà kì í rẹ̀ é. Àwọn àgbà ní ìlù tí ó bá dún àdúnjù, yíya ní í ya. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí nípa ìlù ọwọ́ onílù. Ó sì kan ìlù mìíràn tí Ọlọ́run so mọ́ inú etí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa.

Ẹ wo bí etí ṣe ń ṣiṣẹ́. Afẹ́fẹ́ tí ń mì ni ohùn. Ó ń gba ihò etí wọlé, ó sì ń lu awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó nà bí ojú ìlù. Awọ yìí ń mi eegun kéékèèké mẹ́ta, àwọn tí ó kéré jù lọ nínú gbogbo eegun ara ènìyàn. Àwọn eegun náà ń gbé ìró lọ sí inú ohun kan tí ó lọ́ bí ìkarahun ìgbín, tí omi sì wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Nǹkan bí 15,000 sẹ́ẹ̀lì onírun wẹ́wẹ́ ni ó tò sí inú ìgbín etí kọ̀ọ̀kan. Bí omi náà bá ti mì, irun wọn a tẹ̀, wọn a sì ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé ohùn kan dé.

Ẹ fi irun wọ̀nyí wé koríko. Bí ẹnì kan bá tẹ koríko mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò tún nàró. Bí agbo màlúù bá ń gba orí rẹ̀ lójoojúmọ́, yóò kú. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé òjò lè mú koríko hù padà, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì etí ènìyàn tí ó bá ti kú kì í hù mọ́ láéláé. Ní ọdún 1988, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde pé ti adìyẹ ń hù padà lẹ́yìn tí ariwo bá ti bà á jẹ́. Adìyẹ ẹ̀yìnkùlé wa sàn jù wá lọ ní ti èyí.

Báwo ni ariwo ṣe gbọdọ̀ pọ̀ tó kí ó tó pa etí lára? Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ni a fi ń wọn ariwo. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn méjì ń bá ara wọn sọ ní ìrọ̀rùn tó nǹkan bí 60. Òdiwọ̀n tí a fi lélẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ni 85 fún wákàtí 8 lójúmọ́. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n yìí kò rí bí òṣùwọ̀n gàrí. Bí a bá fi 3 péré kún un, agbára ariwo náà ti di ìlọ́po méjì, àkókò tí etí lè fara dà á sì ti dín sí ìdajì. Bí ariwo bá tó 88, wákàtí 4 ni. Bí ó bá tó 91, wákàtí 2. Bí ó bá tó 94, wákàtí 1. Bí ó bá di 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni. Ẹni tí ó bá sì jókòó síwájú sípíkà tí ó ń dún ní 100 fún wákàtí 6, ó ti gba ariwo ọjọ́ 24 ní alẹ́ kan. Ìbọn ṣakabùlà kò tilẹ̀ dúró de wákàtí. Ìró rẹ̀ lè ju 140 lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí ń yìn ín, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì lè tó láti ba etí jẹ́.

Ẹ lè bi mí pé, kí ni ó kan olùkọ́ èdè nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ó kàn mí, nítorí pé ọ̀nà àrékérekè ni ariwo ń gbà jí èdè lọ. Kì í mú gbogbo ohùn lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ìró tín-ínrín ni ó kọ́kọ́ ń mú, irú èyí tí ó wà nínú f, s àti ṣ. Àwọn ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ tí a fi ń sọ Yorùbá kì í sì í tètè lọ, nítorí pé ìró wọn nípọn. Ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí: ṣọ́lé, fọ́lé, kọ́lé. Ohùn kan náà ni wọ́n ní, fáwẹ̀lì kan náà ni wọ́n ní. Kọ́ńsónáǹtì kan ṣoṣo ni ó ya ẹni tí ń ṣọ́ ilé sọ́tọ̀ kúrò lára olè tí ń fọ́ ilé. Ẹni tí ariwo ti bà létí jẹ́ yóò máa gbọ́ orin ọ̀rọ̀, bí ẹni tí ń gbọ́ dùndún láti òkèèrè, yóò sì máa fi òye di àlàfo ibi tí ọ̀rọ̀ ti jábọ́. Ó lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún pípẹ́ láìfura, yóò sì máa ní, "Mo ń gbọ́ yín, ẹ̀ ń kùn ni."

Nígbà tí yóò bá fi hàn, ìbàjẹ́ ti ṣẹlẹ̀. A ó kí i ní ọjà, kò ní dáhùn; wọn yóò ní ó gbéraga. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ilé ìwé, wọn yóò pè é ní olódo. Bí ó bá jẹ́ baba àgbà, yóò máa rẹ́rìn-ín nígbà tí àwọn ẹlòmíràn bá ń rẹ́rìn-ín, láìmọ ohun tí wọ́n sọ. Ìdí nìyí tí n kò fi ní kí ẹ dúró dìgbà tí ẹ kò bá gbọ́ràn mọ́ kí ẹ tó ṣọ́ etí yín.

Kí ni kí a wá ṣe? Ẹ fi ọwọ́ ṣe òṣùwọ̀n. Bí ẹ bá ní láti pariwo kí ẹni tí ó wà ní ìwọ̀n apá kan sí yín tó lè gbọ́, ariwo ibẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ sún kúrò nídìí sípíkà. Ní gbangba, bí ẹ bá fi jíjìnnà yín sí i ṣe ìlọ́po méjì, ariwo náà yóò fi nǹkan bí dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 6 dín. Ẹ máa jáde lóòrèkóòrè kí etí lè sinmi. Ẹ má ṣe gbé ọmọ ọwọ́ lọ síwájú sípíkà, nítorí pé kò lè sọ pé etí ń dun òun.

Àwọn tí iṣẹ́ wọn wà nínú ariwo ni ewu yìí kàn jù: onílù, olórin, ẹni tí ń lọ ata, ẹni tí ń la pákó. Kí wọ́n wá fóòmù tí a ṣe fún dídí etí. A ó fi ìka yí i kí ó tẹ́ẹ́rẹ́, a ó fa etí sókè díẹ̀, a ó kì í bọ ihò, a ó sì fi ìka dì í mú títí yóò fi wú. Òwú lásán kò tó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ki ẹ̀rọ bọ etí láti gbọ́ orin, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ó má ju dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 80 lọ fún wákàtí 40 ní ọ̀sẹ̀ kan.

Bí etí bá ń hó lẹ́yìn òde, ìkìlọ̀ ni. Ẹ má ṣe da òróró sí i, ẹ má sì fi ìyẹ́ adìyẹ rò ó. Inú ìgbín etí lọ́hùn-ún ni ọgbẹ́ wà, òróró kò lè dé ibẹ̀. Bí ó bá di ọjọ́ kejì tí kò lọ, tàbí tí ìgbọ́ràn dín kù lójijì, ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn tí onímọ̀ nípa etí wà.

Ọ̀rọ̀ kù sọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìnáwó. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ariwo ti wà láti ọdún 2009. Ní ọdún 2022 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sì dá a lábàá pé kí ariwo ibi ìgbafẹ́ má ju 100 lọ. Ṣùgbọ́n kí ọlọ́pàá tó dé, ẹ̀yin ni ẹ pe olórin, ẹ̀yin ni ẹ sì lè sọ fún un pé kí ó dín in kù. Àlejò yín wá bá yín yọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó lè gbọ́ nígbà tí ẹ bá ń kí i pé ó dàárọ̀.